Ohun Tí Mo Ti Rí Kọ́ Nídìí Sílásà Tó Ń Gbọ̀n

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti dá ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ rin, tí èésún àti ewé Akíntọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í ga ju ọmọ ènìyàn lọ, fóònù mi kì í sinmi mọ́. Iṣẹ́ mi ni láti máa tún katakata àti irinṣẹ́ tó ń fà ṣe. Mo ń ṣe púláù, mo ń ṣe háárò, ṣùgbọ́n sílásà tí a fi ń gé oko àti koríko ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń wá sọ́dọ̀ mi. Àwọn tó ni oko àgbọn àti oko ọ̀pẹ ń pè mí, àwọn tó ń tọ́jú ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́ lójú ọ̀nà Ìtòíkín ń pè mí, àwọn ilé ìwé tí pápá wọn tóbi náà ń pè mí. Ohùn kan náà ni gbogbo wọn fi ń bẹ̀rẹ̀: “Ọ̀gá, ó ń gbọ̀n o.” Kí n tó béèrè ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á ti fi kún un pé àwọn ti pààrọ̀ kírọ́ọ̀sì, irin tó rí bí àgbélébùú tó ń jẹ́ kí ọ̀pá tó ń yí lè tẹ̀, síbẹ̀ ó ń gbọ̀n.

Kò sóhun tó burú nínú kí èèyàn pààrọ̀ kírọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ sílásà tó ti gba ọwọ́ mi kọjá, kírọ́ọ̀sì kọ́ ló dá gbígbọ̀n sílẹ̀. Gbígbọ̀n ló pa kírọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ń ra tuntun láìwá ohun tó ń jẹ ẹ́, ètè ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí agbára ṣe ń ti ara katakata dé ara abẹ. Ẹ̀yìn katakata ni orí PTO wà, ìyẹn irin tó ń yí tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì fún irinṣẹ́. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ní eyín mẹ́fà, ó nípọn tó íǹṣì kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ, ìgbà 540 ló sì yẹ kó máa yí ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn katakata ńlá kan ní orí mìíràn tó ń yí ní ìgbà 1,000, tó ní eyín 21. A kì í fi iyẹn wa sílásà tí wọ́n ṣe fún 540. Tí ẹ bá ṣírò 540 yẹn, ìgbà mẹ́sàn-án ni láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá onídajì méjì tó wọ inú ara wọn, tó ní kírọ́ọ̀sì kan lápá katakata àti ọ̀kan lápá gíábọ́ọ̀sì, àpótí jíà orí sílásà, ló ń gbé yíyí náà lọ sẹ́yìn. Gíábọ́ọ̀sì á wá dojú yíyí náà kọ ilẹ̀, á sì mú un yára sí i, tó fi jẹ́ pé lára ọ̀pọ̀ sílásà, abẹ á máa yí ní nǹkan bí ìgbà 800 sí 1,000 ní ìṣẹ́jú kan.

Kírọ́ọ̀sì ní ìwà kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Bí ṣáàfù bá tọ́ gbọnrangandan, kò ní í ṣe ọ̀ràn kankan. Àmọ́ bó bá ti tẹ̀, bí apá tó ń fà bá tiẹ̀ ń yí dọ́gba-dọ́gba, apá tí wọ́n ń fà kò ní yí dọ́gba mọ́. Á yára, á falẹ̀, á tún yára, á tún falẹ̀, gbogbo rẹ̀ nínú yíyí kan ṣoṣo. Bó bá ṣe tẹ̀ tó ni ìyàtọ̀ náà ṣe máa pọ̀ tó. Ní dígírì 10, bí PTO bá ń yí ní 540, apá kejì á máa lọ sókè sódò láàárín 532 sí 548, ìyẹn kò tó nǹkan. Ní dígírì 30, ó ti di láàárín 468 sí 624. Ìgbà méjìdínlógún ló máa yára tó sì máa falẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bíárìn wo ló máa rí bẹ́ẹ̀ tí kò ní ké?

Àlàyé yìí kì í tètè wọ ọmọ iṣẹ́ létí, nítorí náà mo máa ń jẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Màá fi ṣọ́ọ̀kì pín etí irin tó wà ní apá méjèèjì kírọ́ọ̀sì kan sí ọ̀nà mẹ́jọ, màá sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa, bíi dígírì 45. Ọmọ kan á máa fọwọ́ yí apá kan, èkejì á máa wo apá kejì. Bí wọ́n bá yí i dé ìlà àkọ́kọ́, ìlà apá kejì á ti kọjá ibi tó yẹ kó dúró. Ní ìlà kejì, méjèèjì á tún bára wọn dọ́gba. Ní ìlà kẹta, apá kejì á ti rẹ̀yìn. Ní ìlà kẹrin, wọ́n tún dọ́gba. Ibẹ̀ ni ẹnu á ti máa ya wọ́n, nítorí pé ojú wọn ni irin ṣe ń sáré tó tún ń dúró de ara rẹ̀, kò sí ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, kò sì sí abẹ.

Kírọ́ọ̀sì kejì wà láti tún ohun tí àkọ́kọ́ bà jẹ́ ṣe. Nígbà tí èyí bá ń yára, ìyẹn á máa falẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, yíyí tó máa wọ inú gíábọ́ọ̀sì á sì padà di èyí tó tẹ́jú. Bí ẹni méjì tó ń gún iyán nínú odó kan ni: ọmọ odó ẹnì kan ń gòkè, ti ẹnì kejì ń sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá ṣi ara wọn mú, ọmọ odó á máa lu ọmọ odó. Kí kírọ́ọ̀sì méjèèjì má bàa ṣi ara wọn mú, yoke méjèèjì tó wà lórí ọ̀pá àárín, ìyẹn irin olójú méjì tó di kírọ́ọ̀sì mú, gbọ́dọ̀ kọjú síbì kan náà. Bí ṣáàfù ṣe tẹ̀ níwájú náà ló sì gbọ́dọ̀ ṣe tẹ̀ lẹ́yìn. Mi ò mọ ohun mìíràn nínú iṣẹ́ yìí tó ń fi owó pamọ́ tó èyí.

Alhaji kan wà tó ní oko àgbọn lọ́nà Ìlárá. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti to kírọ́ọ̀sì tó ti kú sórí pákó bí ẹni fẹ́ tà wọ́n.

“Alhaji, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó.”

“Ìnáwó gan-an ni, jàre. Owó irin yìí nìkan ti tó owó àgbò Iléyá.”

“Ta ló fọwọ́ kan ṣáàfù yìí kẹ́yìn, sà?”

“Wẹ́dà kan ni. Sílásà ló kọ lu kùkùté, ọ̀pá yìí lọ́, ó sì bá wa gé e, ó tún un jó.”

Mo yọ ṣáàfù náà, mo tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú, mo jẹ́ kí yoke iwájú sùn pẹrẹsẹ. Ó yẹ kí ti ẹ̀yìn náà sùn pẹrẹsẹ. Kàkà bẹ́ẹ̀, ojú kan gbé sókè, èkejì fẹnu kanlẹ̀. Alhaji kúnlẹ̀, ó fi ojú kan wò ó bí ẹni tí ń wo ìbọn. “Wọn ò kọjú síra wọn!” Ó tún un sọ, ó wo àwọn kírọ́ọ̀sì orí pákó, kò sọ nǹkan mìíràn. Wẹ́dà náà jó o dáadáa o, irin rẹ̀ ò já. Kò kàn sẹ́ni tó sọ fún un pé ọ̀nà kan wà tí irin yẹn gbọ́dọ̀ kọjú sí.

Èmi kì í gbà kí wọ́n jó ọ̀pá ṣáàfù bí mo bá lè rí òmíràn rà. Tí ìjó bá tiẹ̀ bọ́ sójú ọ̀nà, ọ̀pá tí kò tọ́ tán á ṣì máa fì nínú afẹ́fẹ́ ní ìgbà mẹ́sàn-án láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Tokunbo la wá fún Alhaji, ìdajì kan tó bá ìdajì tirẹ̀ mu. Ọjọ́ tí a dán an wò, awakọ̀ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìlà àkọ́kọ́, ó wá wo ẹ̀yìn bóyá PTO ṣì ń yí.

Kì í ṣe wẹ́dà nìkan ló ń ṣi yoke mú. Ọ̀pá ṣáàfù onírúurú ló wà. Èyí tí inú rẹ̀ rí bí ọsàn wẹ́wẹ́ tó gùn, ọ̀nà méjì péré ló lè gbà wọ ara wọn, méjèèjì ló sì tọ̀nà. Onígun mẹ́ta lè gba ọ̀nà mẹ́ta, ọ̀kan ṣoṣo ló dára. Èyí tó rí bí ìràwọ̀ tàbí tó ní eyín púpọ̀, kò síbi tí kò lè wọ̀. Ọmọ iṣẹ́ á fà á yọ láti fọ̀ ọ́, á tì í padà, ó wọlé wẹ́rẹ́, ó rò pé ó ti parí. Kí wọ́n tó fà á yọ níwájú mi, wọ́n á kọ́kọ́ fi ọ̀dà fa ìlà kan kọjá lórí ìdajì méjèèjì. Ọ̀dà funfun tó ṣẹ́kù lára ilé tó fún un.

Ti ìtẹ̀sí tó gbọ́dọ̀ dọ́gba, lẹ́fẹ́lì àwọn bíríkìlà ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Màá gbé e lé orí PTO, màá gbé e lé orí irin tó jáde níwájú gíábọ́ọ̀sì. Bí èyí bá sùn, ó yẹ kí ìyẹn sùn. Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́ ni top link, apá òkè tó so sílásà mọ́ katakata. A fẹ́ kí iwájú sílásà rẹlẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ díẹ̀, bí íǹṣì kan, kí abẹ má bàa gé koríko kan lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ awakọ̀ tó bá fẹ́ kó gé mọ́ ilẹ̀ dáadáa á máa ká top link kúrú títí ẹ̀yìn á fi gbé sókè bí ìdí pẹ́pẹ́yẹ. Irin gíábọ́ọ̀sì á dojú kọlẹ̀, ti PTO ò kúrò níbi tó wà, ìtẹ̀sí iwájú àti tẹ̀yìn á wá yàtọ̀ síra. Kírọ́ọ̀sì kejì kò lè dá ohun tí àkọ́kọ́ mú padà mọ́.

Gbígbé sókè náà wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá dé òpin ìlà tàbí wọ́n fẹ́ rékọjá kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń fa sílásà sókè pátápátá, PTO ṣì ń yí. Ìró gọ̀-gọ̀-gọ̀ tí ẹ máa ń gbọ́ nígbà yẹn, kírọ́ọ̀sì ni, ó ti tẹ̀ kọjá agbára rẹ̀. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa PTO kí wọ́n tó gbé e ga, tàbí kí wọ́n fi ṣéènì dí i kó má lè ga ju bó ṣe yẹ. Wọ́n á ní ó ń fi àkókò ṣòfò. Ẹni tí kì í ra pátì lówó ara rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Sílásà tó ní táyà tirẹ̀, tí wọ́n kàn ń wọ́ tẹ̀lé katakata, ewu tirẹ̀ wà níbi ìyípo, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ni ṣáàfù máa tẹ̀ sí. Wọ́n ń ṣe oríṣi kan tó ní kírọ́ọ̀sì méjì papọ̀ lápá katakata, èyí tó lè tẹ̀ tó dígírì 80 fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Gígùn ọ̀pá kò ní àlàyé púpọ̀. Níbi tó ti kúrú jù, kó ṣì ku bí íǹṣì kan kó tó kanlẹ̀ nínú ara rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa ti bíárìn gíábọ́ọ̀sì lẹ́yìn. Níbi tó ti gùn jù, kí ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀pá ṣì wà nínú èkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa mì lẹ́gbẹ̀ẹ́-lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí girísì wà láàárín wọn, nítorí afẹ́fẹ́ ọ̀sà wa kì í pẹ́ mú irin dípẹtà.

Gbígbọ̀n mìíràn wà tí kò kan ṣáàfù rárá. Wọ́n pè mí sí ilẹ̀ kan nítòsí etí ọ̀sà, sílásà náà ń gbọ̀n jìgìjìgì, èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì ń tìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde tó ń rùn bí ọ̀rá tó jóná. A pa ẹ́ńjìnnì, mo gba kọ́kọ́rọ́ sápò ara mi, a fi igi ńlá méjì gbé sílásà dúró kí n tó wo abẹ́ rẹ̀. Àwọ̀n apẹja ni. Ẹnì kan ti da àwọ̀n tó gbó sínú igbó, sílásà sì ti wé e mọ́ ìdí irin tó gbé abẹ dúró, ó le gbagidi bí òkúta, ó ti yọ́ mọ́ irin. Ojú ayùn irin la fi ń gé e jáde wẹ́wẹ́. Nígbà tó tán, a rí i pé okùn rẹ̀ ti wọ ẹnu ọ́ì sílì, ọ́ì jíà ti ń kán, bíárìn ìsàlẹ̀ ti ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá wà létí omi, mo máa ń sọ fún àwọn tó ni ín pé kí wọ́n rán ọmọ kan rìn yí i ká kí katakata tó wọ̀ ọ́. Okùn, wáyà àti àwọ̀n burú fún sílásà ju igi lọ, torí pé igi á dún kẹ́ ẹ tó dúró, àwọ̀n kì í dún.

Abẹ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Méjì-méjì ni wọ́n, ìwọ̀n wọn sì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́, tí wọ́n pààrọ̀ ọ̀kan náà nìkan, tuntun á wúwo ju èyí tó ti jẹ lọ. Bákan náà ni bí ẹni tó ń pọ́n ọn bá pọ́n ọ̀kan ju èkejì lọ. Màá gbé àwọn méjèèjì lé òṣùwọ̀n àwọn tó ń ta ẹja, èyí tó bá wúwo la ó pọ́n sí i. Ohun tí àwọn èèyàn kì í wò ni bọ́ọ̀tì tó gbé abẹ kọ́. Wọ́n ṣe abẹ kó lè máa fì síwá sẹ́yìn kó tó lè yẹra fún kùkùté. Bí ìdọ̀tí àti ìpẹtà bá dì í mú, ọ̀kan á nà, èkejì á ká, gbogbo sílásà á sì máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Wíwa PTO ní ìwọ̀nba kí díísù má bàa tán náà máa ń fa èyí, torí pé abẹ tí kò yára tó kì í nà tán. Lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ọ̀pọ̀ katakata, wọ́n sàmì sí ibi tí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ dé kí PTO tó pé 540. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi í sí.

Báwo ni mo ṣe ń mọ èyí tó jẹ́? Mi ò kì í mú sípánà lákọ̀ọ́kọ́. Mo máa ń béèrè ìgbà tó ń gbọ̀n. Bó bá ń gbọ̀n kìkì nígbà tó gòkè, ìtẹ̀sí ni. Bó bá ń gbọ̀n nílẹ̀ àti lókè, tó sì dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí a yọ abẹ, abẹ ni. Bí a bá yọ abẹ tó ṣì ń gbọ̀n, mo máa ń pa ẹ́ńjìnnì, kí n fọwọ́ di ṣáàfù mú, kí n mì ín. Kírọ́ọ̀sì tó ti jẹ á ta kẹ̀ lábẹ́ ọwọ́. Bí kò bá ta, yoke ni mo máa wò, lẹ́yìn náà ọ̀pá, bóyá ó ti lọ́. Bó bá jẹ́ pé inú koríko tó ki nìkan ló ti ń gbọ̀n, ojú mi á lọ sí gíábọ́ọ̀sì.

Ike tó ń bo ṣáàfù náà lè tan èèyàn jẹ. Bí bíárìn kékeré tó gbé e dúró bá gbẹ, ike yẹn á máa lu ọ̀pá, á dún bí ẹni pé ṣáàfù fẹ́ já. Dípò kí wọ́n fún un ní girísì, àwọn awakọ̀ á bọ́ ọ sọnù. Irú ṣáàfù tó wà níhòòhò bẹ́ẹ̀, bó bá gbá etí bùbá mú, ara ló máa ká tẹ̀lé aṣọ kí ẹnikẹ́ni tó lè ké. Mi ò kì í dá sílásà tí kò ní ike padà fún olówó rẹ̀, ẹni tó bá bínú kó gbé e lọ síbòmíràn.

Lẹ́yìn gbogbo wákàtí mẹ́jọ iṣẹ́ ni kí ẹ fún kírọ́ọ̀sì ní girísì. Ẹ máa fún un títí girísì á fi yọ lẹ́nu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá yọ ní mẹ́ta, ẹ̀kẹrin yẹn ló máa kọ́kọ́ kú, ẹ yí ṣáàfù díẹ̀, kí ẹ tún un fún.

Sílásà Alhaji ń gé oko dòní. Ó ṣì ní ìró kékeré kan nígbà tó bá wọ èésún tó ki, mo sì fura pé gbígbọ̀n àtijọ́ ti jẹ bíárìn iwájú gíábọ́ọ̀sì kí a tó mọ ohun tó ń ṣe é. A ti fi í sí ẹ̀yìn òjò, nígbà tí koríko ò bá ní lé e mọ́. Bíárìn méjì, ọ́ì sílì kan àti ọ́ì jíà 90 ni mo ní kí ó rà sílẹ̀. Ó ti ra ọ́ì.